Gbígbé Ẹrù Wúwo Lórí Ilẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Orí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ti ń ṣírò agbára gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo sókè. Kírénì tí wọ́n kọ 50 tọ́ọ̀nù sí lára kì í gbé 50 tọ́ọ̀nù níbi gbogbo. Iye yẹn wà fún ìgbà tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ bá nà tán, tí apá rẹ̀ kò gùn, tí ẹrù sì súnmọ́ ara rẹ̀ tímọ́tímọ́. Bí apá bá ṣe ń gùn sí i, tí ẹrù sì ń jìnnà sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára náà ń dín kù. Ṣáàtì ẹrù tó wà nínú yàrá ọ̀pàrétọ̀ ló ń sọ iye tó ṣẹ́kù. Àmọ́ ṣáàtì kò mọ irú ilẹ̀ tí ẹ̀rọ dúró lé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kírénì ló sọ ọ́ pàtó pé nọ́ńbà inú ṣáàtì kò ṣeé gbára lé mọ́ tí ìdúró ẹ̀rọ bá ti fì ju ìdá 1 nínú 100 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1 lórí mítà 1. Ojú lásán kì í sábà rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Ẹ̀rọ agbẹ́rù máa ń dúró gbọn-in níwọ̀n ìgbà tí ojúkò ìwúwo òun àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ bá wà láàárín àwọn ẹsẹ̀ tó fi tẹlẹ̀. Tí ojúkò yìí bá ti ré kọjá ìlà tó so ẹsẹ̀ kan pọ̀ mọ́ èkejì, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, kò sì sí bíréèkì tó lè dá a dúró. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í fi kún ìwúwo ẹrù. Ibi tí ìwúwo náà ń já sí ló ń yí padà. Ká sọ pé orí apá kírénì wà ní mítà 30 sókè. Tí ìdí kírénì bá fì ní dìgírì 1 péré, orí apá náà á ti sún ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 52 sí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Tó bá fì ní dìgírì 3, á ti lé ní mítà kan àtààbọ̀. Ẹrù tí ọ̀pàrétọ̀ kà sí mítà 8 sí àárín ẹ̀rọ ti wá wà ní mítà 9 àtààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí ṣáàtì fàyè gbà ní mítà 8 lè pọ̀ jù fún mítà 9 àtààbọ̀.

Ewu kejì fara pamọ́ ju èyí lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe apá kírénì, ẹrù tó ń fà á sísàlẹ̀ tààrà ló lágbára láti gbà. Tí ẹ̀rọ bá fì sí ẹ̀gbẹ́, ẹrù á máa fa apá náà sí ẹ̀gbẹ́, irin sì lè ká nígbà tí ìdí kírénì ṣì wà nílẹ̀ digbí. Ọ̀pọ̀ aago ìkìlọ̀ inú kírénì ni kì í ka irú fífà bẹ́ẹ̀. Ìwúwo ẹrù, gígùn apá àti bí apá ṣe nàró sí ni wọ́n ń kà, wọ́n sì gbà pé ilẹ̀ tẹ́jú. Nítorí náà, ọ̀pàrétọ̀ tó bá ń dúró de aago kí ó tó dáwọ́ dúró lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń gbára lé ohun tí kò mọ ibi tí òun wà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ní ìlú Alphen aan den Rijn ní orílẹ̀-èdè Netherlands, kírénì méjì tí wọ́n gbé sórí báàjì ń gbé apá kan afárá lọ sí ààyè rẹ̀. Báàjì fì, ẹrù sún síta, sísún ẹrù sì tún mú kí báàjì fì sí i. Kírénì méjèèjì àti afárá wó lu àwọn ilé tó wà létí omi. Kò sí ènìyàn tó kú, ṣùgbọ́n ilé fọ́ yángá. Orí omi ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ rírọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń ṣe bákan náà. Ẹsẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo. Bó ṣe ń rì ni ẹ̀rọ ń fì, bí ẹ̀rọ bá sì ṣe ń fì ni ìwúwo tún ń kóra jọ sórí ẹsẹ̀ kan náà. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lè di ìṣubú kí ọ̀pàrétọ̀ tó rí àyè sọ ẹrù kalẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ gbígbé ẹrù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fi jẹ́ iṣẹ́ ilẹ̀ kó tó di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ibi tí ẹ̀rọ máa dúró lé má ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́, yálà nípa wíwá ibòmíràn tó tẹ́jú tàbí nípa gígé ilẹ̀ náà bíi pẹpẹ. Ẹni tó máa yẹ ilẹ̀ wò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn ín ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Pákó gbọọrọ tó gùn ní mítà 2 àti lẹ́fẹ́lì tí àwọn bíríkìlà ń lò ti tó láti fi wọ̀n ọ́n: a ó fi etí kan pákó lé ilẹ̀ ní apá òkè, a ó gbé etí kejì títí lẹ́fẹ́lì á fi dọ́gba, a ó sì wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí àlàfo náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìdá 10 nínú 100.

Ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì bí ojú ilẹ̀. Nínú àgbàlá àwọn ilé wa, sọ́kàwéè, kànga àtijọ́, páìpù omi àti gọ́tà tí wọ́n ti bò lè wà níbi tí kò sí àmì kankan. Onílé tàbí àgbà àdúgbò ló sábà máa ń mọ̀ wọ́n, nítorí náà ó yẹ kí a bi wọ́n léèrè. Ní àwọn ìlú tó wà láàárín òkè, bí Ìdànrè, Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Abẹ́òkúta àti ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn, ohun mìíràn wà tó yẹ kí ojú tó. Àwọn tó ń kọ́lé sábà máa ń gé ara òkè sí inú, wọ́n á sì da iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gé náà síwájú kí ààyè lè fẹ̀. Ààyè náà á tẹ́jú lójú, ṣùgbọ́n ìdajì tó wà lẹ́yìn jẹ́ ilẹ̀ àdáyébá tó le, ìdajì tó wà níwájú sì jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kàn dà síbẹ̀. Iwájú yìí gan-an ni ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí, torí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ títì. Ibi tí wọ́n gé ni kí kírénì dúró lé, kì í ṣe ibi tí wọ́n dà, àfi tí wọ́n bá ti fi róólà tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà ní ìpele-ìpele tó sì ti gan.

Etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti etí kòtò náà ní òfin tiwọn. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ sábà máa ń lò ni pé, lórí ilẹ̀ tó le, kí ẹsẹ̀ kírénì jìnnà sí etí kòtò tó bí kòtò náà ṣe jìn, ó kéré tán. Lórí ilẹ̀ rírọ̀ tàbí ilẹ̀ tí wọ́n dà, kó jẹ́ ìlọ́po méjì. Kòtò tó jìn ní mítà 3 ń béèrè mítà 3 tàbí 6. Tí ààyè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ló yẹ kó dá sí i.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ló kan ohun tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ máa tẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ kan ń ru 20 tọ́ọ̀nù, tí àwo irin abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú-lóòró. Ìyẹn túmọ̀ sí 125 tọ́ọ̀nù lórí mítà 1 níbùú-lóòró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀ kò lè ru ju ìdá kékeré nínú rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá tẹ́ pákó nípọnnípọn tó fẹ̀ ní mítà kan àtààbọ̀ níbùú-lóòró sábẹ́ àwo náà, ìwúwo yẹn á já wá sí nǹkan bíi 9 tọ́ọ̀nù. Ẹrù kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni. Pákó ló mú ìyàtọ̀ wá. Pákó náà gbọ́dọ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní tẹ̀ láàárín, torí pé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá tẹ̀ kò pín ìwúwo kankan.

Ní apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ kírénì lè nílò ìtìlẹ́yìn kó tó bá ti òkè dọ́gba. Igi líle tí wọ́n là sí igun mẹ́rin, irú ìrókò tàbí àpá, ni wọ́n ń tò ní ìbú, kí ìpele kejì sì wà ní òòró, títí yóò fi ga tó. Ìsàlẹ̀ òkítì igi yìí gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gé kó tẹ́jú, nítorí òkítì tó jókòó sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kì í ṣe ohun tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ rárá. Ó lè ru ẹrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sì fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìkọ́kọ́ fi àmì hàn. Igi líle á ké, á sì fún pọ̀ kó tó dá. Òkúta tí wọ́n ṣà lẹ́bàá ọ̀nà àti táyà àtijọ́ kò sàn ju búlọ́ọ̀kù lọ.

Gbogbo ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ nà dé òpin, táyà sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá lára kírénì tí ṣáàtì rẹ̀ béèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pàrétọ̀ á wá fi lẹ́fẹ́lì yẹ ìdúró ẹ̀rọ wò ní iwájú àti ní ẹ̀gbẹ́. Á yí apá tí kò gbé nǹkan kan kọjá lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì tún yẹ lẹ́fẹ́lì wò, nítorí yíyí yìí ló ń fi ẹsẹ̀ tó ń rì hàn nígbà tí kò tíì sí ẹrù lójú ọ̀run. Nígbà tí ẹrù bá dé, wọ́n á gbé e ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 péré, wọ́n á sì dúró. Ìdúró yìí kì í ṣe àṣà lásán. Ẹnì kan á yẹ ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ wò, ẹnì kan á wo okùn àti ìkọ́, ọ̀pàrétọ̀ á wo lẹ́fẹ́lì. Tí ohunkóhun bá ti sún, ẹrù ṣì súnmọ́ ilẹ̀ tó láti sọ̀ kalẹ̀.

Òjò ń yí gbogbo èyí padà. Ilẹ̀ pupa tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá le bí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ nígbà òjò. Omi tó ń ṣàn wá láti òkè tún máa ń gba abẹ́ pákó kọjá, ó ń kó iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ. Ìdúró tí wọ́n yẹ̀ wò ní àárọ̀ kò wúlò mọ́ lẹ́yìn òjò ọ̀sán. Ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà fún omi ní apá òkè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún gbogbo ẹsẹ̀ yẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú.

Fọ́kílíìfù kò ní ẹsẹ̀ tó ń nà, ìṣòro tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bó tilẹ̀ ní táyà mẹ́rin, orí igun mẹ́ta ló dúró lé: táyà iwájú méjèèjì, àti àárín irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, níbi tí irin náà ti ń jì sókè sódò. Igun mẹ́ta yìí tín-ín-rín sí ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí fọ́kílíìfù fi máa ń tètè ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Ìlànà tó ń ṣọ́ ọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ju ọ̀kan lọ: ibi tó wúwo jù ni kó wà ní apá òkè. Nígbà tó bá gbé ẹrù, iwájú ló wúwo, nítorí náà yóò fi iwájú gun òkè, yóò sì fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí kò bá gbé nǹkan, irin ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ ló wúwo, nítorí náà fọ́ọ̀kì rẹ̀ ló máa kọjú sí ìsàlẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan kí ẹrù kọjú sí òkè lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Nítorí pé ẹrù lè dí awakọ̀ lójú nígbà tó bá ń gun òkè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ sọ́nà láti ẹ̀gbẹ́.

Fọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kó kàn kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kó sì tẹ̀ sẹ́yìn kí ẹrù má bàa yọ̀. Fọ́kílíìfù kì í gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá ní ìbú, kì í yí padà lórí rẹ̀, kì í sì í gbé ẹrù sókè lórí rẹ̀: ẹrù tó wà ní mítà 4 sókè á sún ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀rọ bá fì ní dìgírì 3, bẹ́ẹ̀ igun mẹ́ta náà kò fẹ̀ tó láti fi irú àyè bẹ́ẹ̀ tọrẹ. Tó bá ti ń ṣubú, kí awakọ̀ má fò jáde. Ẹni tó bá fò sábà máa ń bọ́ sábẹ́ irin tó bo orí ìjókòó. Bẹ́líìtì ni kó wà lára rẹ̀, kó di sítíàrìn mú ṣinṣin, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì fi ara sí apá òdìkejì ibi tí ẹ̀rọ ń ṣubú sí. Irú fọ́kílíìfù tó ní apá gígùn máa ń ní bọ́tìnì tó ń tún ìdúró rẹ̀ ṣe kó lè dọ́gba. Kí apá tó gbéra ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí apá ti wà lókè ń ju ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ fúnra rẹ̀.

Híàbù, ìyẹn ọkọ̀ akẹ́rù tó ní kírénì lẹ́yìn orí rẹ̀, ló ń gbé tìráńsífọ́mà, táǹkì omi àti kọ̀ǹténà wọ àwọn àdúgbò olókè wa, ó sì ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bíréèkì ọwọ́ ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí wà lára táyà ẹ̀yìn. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kò sí bíréèkì mọ́, ọkọ̀ á sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀ tòun ti ẹrù tó gbé. Gbogbo táyà tó bá tẹlẹ̀ ni kí wọ́n fi wẹ́ẹ̀jì igi dí ní apá ìsàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ kankan tó nà, kí táyà ẹ̀yìn má sì kúrò nílẹ̀.

Àwọn kọngílá tún fẹ́ràn láti fi katapílà agbẹ́lẹ̀ gbé páìpù àti irin. Ó ṣeé ṣe, tí ṣáàtì ẹrù tirẹ̀ bá wà, tí ìkọ́ gidi sì wà lára rẹ̀ dípò ṣéènì tí wọ́n fi kọ́ eyín ṣọ́bìrì. Ìwọ̀n tó wà nínú ṣáàtì náà kì í ju ìdá 75 nínú 100 ẹrù tó lè mú kó ṣubú lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìdá 25 tó kù lè tán láàárín ìgbà tí ọ̀pàrétọ̀ bá yí apá láti òkè sí ìsàlẹ̀, torí pé ẹrù ń jìnnà sí i, ó sì ń yára sí i.

Ẹrù fúnra rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí ìkọ́ kò bá wà ní òkè àárín rẹ̀ gan-an, ó lè fò lọ sí apá ìsàlẹ̀ bó ṣe ń kúrò nílẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró sí apá ìsàlẹ̀ ẹrù tàbí ti ẹ̀rọ. Okùn tí wọ́n so mọ́ ẹrù ni kí wọ́n fi máa darí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, okùn kírénì gbọ́dọ̀ ṣì mú un díẹ̀ títí wọ́n á fi dí i, kí wọ́n tó tú u. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ júwe fún ọ̀pàrétọ̀, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè ké pé kó dúró.

Wáyà iná náà ń béèrè ìṣọ́ra tó pọ̀ sí i, nítorí apá tó bá fì ń súnmọ́ wáyà láìjẹ́ pé ọ̀pàrétọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Òfin Amẹ́ríkà gbé mítà 3 kalẹ̀, ó kéré tán, fún wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju 50,000 fóltì lọ; wáyà 11,000 àti 33,000 fóltì tó wà ní àwọn àdúgbò Nàìjíríà bọ́ sínú ìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n fi àyè kún un, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí iléeṣẹ́ iná pa iná náà.

Ta ló ni ìpinnu? Òfin Bìrìtìkó ọdún 1998 lórí iṣẹ́ gbígbé ẹrù sókè sọ pé ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ṣètò gbogbo iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kí ẹnì kan sì máa bójú tó o. Òfin kírénì tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2010 tilẹ̀ lọ jìnnà sí i: ẹni tó ń darí ibi iṣẹ́ ló di ẹrù ìpèsè ilẹ̀ lé lórí, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tọ́. Ọ̀pàrétọ̀ máa ń dé ibi tí kò mọ̀ rí, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń dúró dè é. Bí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀ láti sọ pé ilẹ̀ kò dára, ìkánjú kọngílá á borí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un, níṣojú àwọn yòókù, pé tó bá kọ̀, kò ní pàdánù owó ọjọ́ náà.

Àkókò tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni ara máa ń tu gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ewu kò tíì tán. Apá kírénì gbọ́dọ̀ padà sí ìdùbúlẹ̀ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ kankan tó ká, nítorí apá tó ṣì nà lè da ẹ̀rọ nù nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá gbéra. Bíréèkì ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, wẹ́ẹ̀jì sì gbọ́dọ̀ ti wà ní apá ìsàlẹ̀ gbogbo táyà kí táyà náà tó tẹlẹ̀ padà. Ọ̀pàrétọ̀ á jókòó sídìí sítíàrìn, ẹ́ńjìnnì á ti máa ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ní apá ìsàlẹ̀, tó yọ wẹ́ẹ̀jì. Pákó àti igi tí wọ́n tẹ́ ni wọ́n á yẹ̀ wò kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀: èyí tó bá ti là tàbí tó ti fún pọ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn.